Ìsinmi Ló Ń Pa T-6

Wọ́n tún ti sọ ọ́ sí mi létí lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Bààlúù àtijọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ gbé e sí músíọ̀mù kó sinmi, fífò ló ń pa á." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. T-6 ni wọ́n ń bá wí, èyí tí ilé iṣẹ́ North American ṣe jáde tó ju 15,000 lọ, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìsinmi kẹ̀! Ṣé ilé tí a tì pa kì í yára wó ju èyí tí à ń gbé lọ?

Ẹ bá mi dé ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Sìlíńdà 9 ni wọ́n tò yípo, àwọn kan sì dorí kodò nísàlẹ̀. Bí bààlúù bá dúró, ọ́ìlì á máa sun wọ inú àwọn ti ìsàlẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ká tó ṣáná sí i. Bó bá le gbagidi mọ́ wa lọ́wọ́, a kì í fagbára tì í: púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ là ń tú, ọ́ìlì dúdú á sì dà sórí bàtà ẹni. Ẹni tó bá fi agídí ṣáná sí i, ọ̀pá písítìnì ló máa tẹ̀. Ìyẹn èyí tó dúró fúngbà díẹ̀ o! Èyí tó dúró fún ọdún gbọọrọ ńkọ́? Ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò lára irin, ọ̀rinrin á ti bá a, rọ́bà á ti gbẹ, á ti sán. Mo ti tú irú rẹ̀ rí. Wọ́n fi ọ̀dà òféèfèé kùn ún, ó ń dán lóde bí ìkòkò tuntun. Mo fa sìlíńdà kan yọ, inú rẹ̀ ti dógùn-ún pátápátá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú! Ta ni wọ́n ń tàn jẹ?

Wọ́n á ní ó máa ń fi ìdí yí po tó bá balẹ̀. Ẹsẹ̀ tó lọ́ra lórí pẹ́dàlì ló ń fà á. Wọ́n á ní ewu wà níbẹ̀. Ó wà. Nítorí ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ gbé e jáde. Ẹ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ gbé e gòkè kí ọ́ìlì gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á gbẹ. Kí ọ̀dọ́ kan jókòó níwájú, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú aláwọ̀ dúdú ní Tuskegee, ní Amẹ́ríkà, nígbà ogun yẹn.