Ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì l'Amẹ́ríkà: Ẹ̀kọ́ tí ìkọ́lé kọ́ ìjọba

Bí ológun bá ti ojú ogun bọ̀ láàyè, kò yẹ kó jẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú ni yóò wó pa á. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní San Fernando, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní kùtùkùtù ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 1971. Ilẹ̀ mì tìtì, àwọn ilé kan nínú ọgbà ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì wó lulẹ̀, èèyàn tó lé ní 40 sì bá a lọ. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n ti kọ́ àwọn ilé náà, nígbà tí òfin kò tíì sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó níbi tí ilẹ̀ ti ń mì.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ káàkiri. Àwòrán ilé kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò láti ìlú dé ìlú. Ilé bíríkì ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì tò wọ́n sórí ilẹ̀ gbalasa bí ẹni tẹ abúlé dó. Ọ́fíìsì àwọn alákòóso, wọ́ọ̀dù, ilé ìdáná àti ilé àwọn dókítà, kálukú ló dá dúró. Wọ́n máa ń ṣe fàráńdà sí wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ife, torí pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni wọ́n gbójú lé kí oògùn àrùn náà tó dé.

Nígbà tó yá, wọ́n ń kó iṣẹ́ jọ sínú ilé alájà púpọ̀. Ìbéèrè tuntun wá dé: kí ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, kí ló sì yẹ kó wà lókè?

Ìlú New Orleans dáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ìyà ńlá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2005, omíyalé ìjì Katrina ba ilé ìwòsàn àwọn ológun ibẹ̀ jẹ́, kò sì ṣeé lò mọ́. Nínú tuntun tí wọ́n ṣí láti ìparí ọdún 2016, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ṣe kókó ga kọjá ibi tí omi lè dé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́ọ̀dù pàjáwìrì wà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gùn dé ibẹ̀ sì lè di èbúté ọkọ̀ ojú omi bí àgbàrá bá tún dé. Ohun tí omi lè bàjẹ́ láì pa ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi sísàlẹ̀. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àmọ́ ọgbọ́n ìkọ́lé ń fẹ́ ìṣirò owó. Ní Aurora, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver, àwòrán tí wọ́n yà ju owó ọwọ́ lọ. Àwọn ilé náà pọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2014, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kọngílá dá ìjọba lẹ́bi pé kò mú àwòrán tí iye owó àdéhùn lè kọ́ wá, iṣẹ́ sì dúró. Ẹ̀ka ẹnjiníà iléeṣẹ́ ológun ni wọ́n padà gbé e fún. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 2018, owó náà ti tó bílíọ̀nù 1.7 dọ́là.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí kò jọra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n forí tì. San Fernando fi hàn pé ilé àtijọ́ ń fẹ́ àyẹ̀wò kí ó tó wó. New Orleans fi hàn pé ẹni tó ń yàwòrán gbọ́dọ̀ mọ ewu àdúgbò. Aurora fi hàn pé ẹwà láì ka owó ń dá ìtọ́jú dúró. Àgbà ológun tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì kò bèèrè ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígíláàsì. Òrùlé tí kò ní wó, iná tí kò ní kú àti dókítà tí yóò tètè rí ló ń wá.