Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Kì í Ṣe Ẹ̀ṣọ́

Ní ọdún 2010, Museum of Modern Art ní New York gba àmì @ mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà tó ń tọ́jú. Àmì tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ iye owó ọjà tẹ́lẹ̀ ni, kí Ray Tomlinson tó mú un lò fún àdírẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà ní 1971. Àwọn ń gbé tiwọn gẹ̀gẹ̀, àwa ń sọ tiwa nù.

Tiwa wo? Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ni. Ní Agbabu níbí, a rí ìwé ìkéde wàásù tí wọ́n kọ "Ojuse oko si aya" sí. Ojúṣe wo ni oko ní sí aya? Ọ̀dà tí a fi mọ ìlú yìí di "oda", àlejò á kà á sí "Ó dà?" Ẹni tó kọ "dari ese mi ji mi", ṣé ẹsẹ̀ ni àbí ẹ̀ṣẹ̀?

Wọ́n ní ọmọ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kéú lórí wàláà, kí ló ya bá, tá àti thá sọ́tọ̀? Ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè ni. Ẹ pa wọ́n rẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Nígbà tí àwọn tí kì í ṣe Lárúbáwá wọ Ìsìláàmù, tí àṣìkà pọ̀, ìtàn sọ pé Abu al-Aswad ló kọ́kọ́ fi àmì sí Àlùkùráánì. Al-Khalil sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò sọ pé "Lárúbáwá á mọ̀ ọ́n kà." Àwọn ọmọ wa tí Yorùbá kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ńkọ́?

Àwọn mìíràn ní àwọn míṣọ́nnárì ló ni ín. Lóòótọ́, àwọn ló pe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, àwọn bàbá wa sì ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n fátíhà, kísírà àti dọ́mà kò tó láti ya o kúrò lára ọ. Àmì yìí tó o. Ahọ́n tó ń sọ èdè náà, tiwa ni.

Ẹ má sọ pé fóònù kò ní in. Ó ti wà lórí fóònù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fagi lé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ dá ìwé ìkéde bẹ́ẹ̀ padà fún atẹ̀wé kí ẹ tó sanwó. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ohun kékeré sọ wá di aláìlédè.