Àáró Kò Tíì Kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ kan wò lónìí: ṣé ó tọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣíwájú nínú iṣẹ́ àtúnṣe àdúgbò, àbí kí wọ́n jókòó de àṣẹ àgbà àti owó ìjọba?

Ẹ jẹ́ kí a mú Dòpẹ̀mú ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ Àwórì ni, lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà ìkànìyàn 2006, 1,277,714 ènìyàn ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́. Onírúurú ẹ̀yà ni ó ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè má mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń lo ògiri kan. Bí gọ́tà bá dí, olúkúlùkù a rò pé ti ẹlòmíràn ni. Bí òjò bá sì dé, omi kì í béèrè ẹni tí ó da ìdọ̀tí kí ó tó wọlé.

Rírí ọ̀dọ́ nídìí iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ní ayé àwọn baba wa, àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́: wọn a pawọ́ pọ̀ ro oko ẹnì kan lónìí, lọ́la a kan ẹlòmíràn, títí yóò fi yí kárí. Ẹni tí ó bá jẹ àáró tí kò san án, ojú ni yóò gbà á tì. Ọ̀wẹ̀ tóbi ju èyí lọ: ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tàbí tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀ ni í bẹ ọ̀wẹ̀, òun náà ni í sì pèsè oúnjẹ. Ọ̀nà odò àti ọ̀nà ọjà, àwọn ọ̀dọ́ ni í yẹ̀ wọ́n. Ní Ìjẹ̀bú títí di òní, àwọn règbérègbé tí ń fara hàn ní Ojúde Ọba kò mọ aṣọ àti ijó nìkan. Wọn a máa dáwó jọ fún iṣẹ́ ìlú.

Ìfẹ́ àti ìtìjú ni ó gbé àṣà yìí ró, kì í ṣe pàṣán. Nígbà tí ìjọba ológun gbógun ti ìwà àìníjàánu ní 1984, àṣẹ ni a fi sọ ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù di dandan. Ìgboro mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ìgbélé oṣooṣù náà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé pàṣán lè gbálẹ̀ ìta, kò lè gbin ìfẹ́ àdúgbò sí ọkàn ènìyàn.

Ẹ wo ohun tí ìfẹ́ ṣe. Ní 2012, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Otto Orondaam, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ Mákòkó sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 2018, Túndé Ọ̀nákọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ayò chess ní agbègbè Ìkòròdú. Ní 2024, ó ta ayò náà fún 60 wákàtí ní New York láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá dúró de ọjọ́ tí irun wọn yóò funfun, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ìbá ti dàgbà sí òpópónà.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tí ń ba àwọn àgbà kò ṣàìnídìí. Àwọn kan a gba owó láìṣe ìṣirò; òmíràn a ya fọ́tò tán, a sì gbàgbé gọ́tà; olóṣèlú a wá rán aṣọ fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ a di tọ́ọ̀gì. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ní ẹjọ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ onílé ni ó ń pàṣẹ àdúgbò, ayálégbé sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. A ń pè wọ́n síbi kíkó ẹrẹ̀, a kì í pè wọ́n síbi ìpàdé. Omi kì í béèrè ìwé ilẹ̀. Kí ló dé tí ìpàdé fi ń béèrè rẹ̀?

Èrò tiwa nìyí. Kí ẹgbẹ́ onílé fún àwọn ọ̀dọ́ ní àga àti ohùn nínú ìpàdé, ayálégbé ìbáà jẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ ka ìṣirò owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì kọ owó olóṣèlú. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àáró bo ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba mọ́lẹ̀: òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ka gọ́tà, òpópónà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kó ẹrẹ̀ ní Sátidé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé sí ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí àáró jẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ má di ìdènà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Dòpẹ̀mú kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn.