4K orí páálí

Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Alaba lónìí, agbára káká ni yóò fi rí páálí ńlá tí wọn kò kọ 4K sí gàdàgbà. Wọn ò purọ́. Gíláàsì yẹn gba àmì tóótòòtó tó lé ní mílíọ̀nù 8, ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé jáde, mo sì gbà pé ní ọ̀pọ̀ ilé wa, 4K tí a sanwó rẹ̀ kì í délé.

Ọ̀ràn náà kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fíìmù. Netflix ti fi dandan lé e pé kámẹ́rà 4K gidi ni kí wọ́n fi ya iṣẹ́ tí òun bá gbé fúnni, láti 2014 ló sì ti ń fi 4K ránṣẹ́. Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ san owó tó ga jù, kí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa sáré tó 15Mbps láìdẹwọ́. Wákàtí kan lè jẹ tó 7GB. Ta ló fẹ́ fi dátà síìmù ṣe ìyẹn? Bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ti ń fà, áàpù á rọra já àwòrán sílẹ̀ sí 1080, sí 720, kó má baà dúró. Ọgbọ́n tó dáa ni, àfi pé kò sẹ́ni tó ń sọ fún oníbàárà. Ní oṣù Kẹta 2020, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Netflix dín ohun tó ń fi ránṣẹ́ ní Yúróòpù kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú 100, ó sì ní 4K àwọn oníbàárà òun ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ kò yí padà, ẹrù ló fúyẹ́.

Nítorí iye àmì nìkan kọ́ ló ń ṣe àwòrán. Dísìkì 4K Blu-ray lè gbé ohun tó lé ní 100Mbps. 4K kan náà la ń pe òun àti èyí tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ wo fíìmù tí ọdẹ ti gbé àtùpà wọ igbó lóru: bí ohun tó ń wọlé bá kéré, òkùnkùn tó yẹ kó dúdú minimini á fọ́ sí bulọ́ọ̀kù-bulọ́ọ̀kù lẹ́yìn orí rẹ̀. HD tí wọn kò fún lọ́rùn sàn ju 4K bẹ́ẹ̀ lọ, lójú tèmi.

Wọ́n á ní tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé ń sọ HD di 4K fúnra rẹ̀. Ó ń fojú dá ohun tí kò dé ni. Àwíjàre tó lágbára jù ni pé ojú kì í rí ìyàtọ̀ náà. Mo gbà: níwájú tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 43, ẹni tó bá jókòó kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6 kò lè rí púpọ̀ ju Full HD lọ. Nígbà náà, kí ni wọ́n ń gba owó lé e fún? Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí áàpù máa fi bí àwòrán tó ń wọlé ṣe mọ́ tó hàn wá. Àwọn kan á sọ pé òǹwòran kò fẹ́ kí nọ́ńbà bo fíìmù lójú. Kò sẹ́ni tó ní kó bò ó. YouTube ti ní ojú ìwé kékeré kan, Stats for nerds, tí ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ kó sì rí bí àwòrán tó ń wọlé ṣe mọ́ tó ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń gbowó 4K lọ́wọ́ wa ló yẹ kó ní irú rẹ̀, níbi tí kò ní fara sin.