G. W. Johnson àti Ìjọba Tí Ń Jíhìn

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí ẹ mọ̀wé,

Bí a bá wí pé ó yẹ kí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà máa ṣe ìrántí George William Johnson, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi bi wá pé: "Sàró tí í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, tí ó ń ránṣọ jẹun, kí ni ó kan Àkókó nínú ọ̀ràn rẹ̀?" Èsì wa nìyí.

Ní ọdún 1865 ni Johnson dá Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni olórí. Òun fúnra rẹ̀ ni akọ̀wé. Wọ́n gba owó ibodè lórí ọjà, wọ́n ṣètò ìfìwéránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n sì ń kọ̀wé sí Gómìnà Èkó bí ìjọba ti í kọ̀wé sí ìjọba. Ète rẹ̀ ni pé kí àṣẹ àwọn olóyè àti ìmọ̀ àwọn tí ó kàwé pàdé nínú ìjọba kan tí aláwọ̀ dúdú yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọdún 49 ṣáájú kí Lugard tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ni èyí. Ta ni ó tún wá ń wí pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ìjọba?

Àlùfáà ni mí, mo sì mọ̀ pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867 a ba ilé ìjọsìn jẹ́ ní Abẹ́òkúta, a sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde. Èmi kò yin ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò fi í bú Johnson má ṣe gbàgbé pé Gómìnà Glover ti fi ọlọ́pàá sórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá ṣáájú.

Kí ni ó wá dé tí iṣẹ́ náà kò fi pẹ́? Ọrùn ẹnìkan ni a fi í kọ́. Ṣómóyè kú ní 1868, àwọn ológun àti ògbóni kò sì fẹ́ fi agbára wọn sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kankan.

Ẹ̀kọ́ wa wà níhìn-ín. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ rẹ̀ tààrà. A yọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gba àpò lọ́wọ́ gómìnà tí a gbé e lé alága lọ́wọ́ láìbéèrè ìṣirò, ọ̀gá nìkan ni a pààrọ̀. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀!

Nítorí náà, ní Ìkàrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, àti ní Ọ̀kà tí í ṣe ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn, kí a máa ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìlú ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní ọjọ́ ọjà, ní èdè tí ìyá aláta gbọ́. Kí a kọ ọ́ sí òfin, kí ó má baà bá alága kan wá, kí ó sì bá a lọ. Kí ẹ̀yin ìjòyè sì jókòó gbọ́ ọ, kí ẹ béèrè, kí ẹ má sì gba ẹ̀bùn ìdákẹ́jẹ́. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí a má wulẹ̀ dárúkọ Johnson. Àsè lásán ni a ó jẹ.