Òkò Inú Ajílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu àwọn àgbẹ̀ wa láti Ọ̀wọ̀ títí dé Ìfọ́n, láti ìgbà tí òkò ti ba ọmọkùnrin kan tí ó wá ṣe lébìrà lóko àgbàdo, níbi tí ó dúró sí lẹ́yìn katakata tí ń fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ, tí òkò náà sì là á ní ojúgun títí egungun fi hàn síta. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ó ṣe é, wọn yóò rẹ ohùn sílẹ̀, wọn yóò wo ọ̀tún wo òsì, wọn yóò ní kì í ṣe ojú lásán, pé ẹnìkan ni ó ju òkò náà láti ibi tí ojú kò tó. Nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wí, ìgbẹ́ adìyẹ tí a kó láti orí ìyẹ̀ igi, tí ó rọ̀ múlọ́múlọ́, kò sí ọ̀nà tí òkúta lè gbà débẹ̀. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe pé wọn kò fojú rí ajílẹ̀ rí. Ohun tí ó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ibo ni ajílẹ̀ ń gbà kí ó tó dé oko? Ẹni tí ń sin adìyẹ, nígbà tí ó bá ta ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tán, ṣọ́bìrì ni yóò fi ha ilẹ̀ ilé wọn, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó ti sán tipẹ́tipẹ́, ohun tí ṣọ́bìrì bá sì ṣí kúrò lára ilẹ̀ náà, inú àpò kan náà ni ó ń bá ìgbẹ́ lọ. Láti ibẹ̀, wọn a dà á jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà lórí ilẹ̀ yangí, òjò a pa á, oòrùn a sá a; nígbà tí katakata bá sì dé, wọn a tún ha á kanlẹ̀ pátápátá, nítorí pé owó ni, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ fi owó sílẹ̀, pàápàá láti ọdún 2022 tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti sọ ajílẹ̀ òyìnbó di ọ̀wọ́n gógó. Ti ìgbẹ́ màlúù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orí ilẹ̀ gbalasa ni màlúù ń sùn sí ní gáà, bí gáà náà bá sì wà ní agbègbè olókè bí ti Ìdóàní, òkúta ni ibùsùn wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kí ó da àpò kan péré sórí tapólì, kí ó fi ọwọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kí ó tó la ẹnu: bí kò bá bá yangí tí ó tó ẹyin ẹyẹlé níbẹ̀, yóò bá àfọ́kù sìmẹ́ńtì, tàbí ìṣó páànù, tàbí ọrùn ìgò, kódà ìgbẹ́ gbígbẹ fúnra rẹ̀, nígbà tí ó bá ti di ògúlùtu, kì í ṣe ohun tí ènìyàn fẹ́ kí wọ́n sọ lu òun.

Èyí tí wọn kò tún fẹ́ gbọ́ ni pé ohun tí ó rọ̀ lọ́wọ́ kò rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọ̀pá tí katakata fi ń gbé agbára fún ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn lẹ́yìn a máa yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan; bí àwọn irin tí ń tú ajílẹ̀ ká bá fẹ̀ tó mítà kan, tí àwọn náà sì ń yí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé etí wọn ń sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, bí ọkọ̀ akérò tí ó ń bá eré bọ̀ láti Benin, òkúta tí wọ́n bá sì gbá, eré náà ni yóò bá lọ. Àwọn baba wa ní òkò tí ẹyẹ bá rí kì í pa ẹyẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní mítà 10 sí ẹ̀rọ yìí, òkò yóò ti bà á kí ó tó ṣẹ́jú, ìgbà wo ni yóò rí i? Kànnàkànnà tí Dáfídì fi pa Gòláyátì, kí ni ó ju pé a fi òkúta sí awọ, a yí i po, a sì jù ú sílẹ̀? Rọ́bà tí àwọn ọmọ wa fi ń ta ẹyẹ lórí igi, ta ni ó bọ nǹkan kan fún un? Táyà ọkọ̀ tí ó ta òkúta wẹ́wẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìfọ́n, tí ó sì fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ta ni ó fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyá àgbà ilé? A kì í pe babaláwo sí gíláàsì ọkọ̀. Ojúgun lébìrà nìkan ni a ń pe babaláwo sí. Katakata kan náà yìí, nígbà tí a bá so ẹ̀rọ tí ń gé koríko mọ́ ọn lẹ́yìn, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà a máa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè ta òkúta dé nǹkan bí 100 mítà, ìyẹn ni pé láti ẹnu góòlù kan dé èkejì.

Nítorí náà, kí òkúta tó wọ inú ẹ̀rọ ni iṣẹ́ wà. Orí tapólì tàbí orí sìmẹ́ńtì tí ó dán ni kí ẹ máa da ajílẹ̀ sí, bí ó bá sì jẹ́ pé orí yangí ni ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má ṣe ojúkòkòrò sí i. Kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣa òkúta inú ìyókù, nítorí pé igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lẹ́yìn rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe obìnrin tí ń gbin àgbàdo, ìbáà ṣe ọmọ iléèwé tí ń gba ojú oko kọjá. Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bà. Awakọ̀ pàápàá, bí katakata rẹ̀ kò bá ní ilé lórí, kí wọ́n fi irin alásẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí nǹkan bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án; ẹ má sì wọ agbádá sún mọ́ ọ̀pá tí ń yí. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Bí mo bá ní kí ènìyàn dé akoto, kí ó sì fi awò bo ojú, wọn a ní oòrùn ń mú. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í dé fìlà nígbà ọdún Igógo nítorí Ọ̀rọ̀ńsẹ̀n, tí ẹ kì í sì í jẹ́ kí ìlù dún nígboro títí ọdún yóò fi parí, bí ẹ bá lè pa àṣẹ mọ́ nípa ohun tí a kò gbọdọ̀ gbé lérí, kí ni ó wá ṣòro nínú èyí tí a ní kí ẹ gbé lérí? Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn ìmọlẹ̀, tí ẹ bẹ́ ajá fún kí katakata tó wọ oko, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun yóò bá a ṣa òkúta. Òkígbẹ́ tí ẹ gbára lé, ọ̀bẹ àti àdá ni àwọn tí ó ṣe é ní lọ́kàn.

Bí ó bá wá di pé òkò ba ojú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ má ṣe fa ohun tí ó há sínú rẹ̀ yọ, ẹ má sì ṣe fún omi ọyàn tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ fi ife mímọ́ bò ó láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó sì ni oko, owó awò ojú àwọn lébìrà rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kí ó tó bá awakọ̀ katakata dúnàádúrà, kí òun fúnra rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́, kí ó lé gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ àna rẹ̀ ni ó wá wòran.