Kí A Wo Ilé Kí A Tó Sọ Sáyẹ́ǹsì Lórúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fi ń bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ni ní èdè abínibí jákèjádò Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń wò. A kì í wo iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́dún 2001, Leland Hartwell, Tim Hunt àti Paul Nurse gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n ṣàwárí ohun tí ó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń di méjì. Bí a bá pe èyí ní 'pípín sẹ́ẹ̀lì', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò ó bí ẹni pín iṣu: ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn tí ó ní kírómósómù 46 yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì tuntun méjèèjì lè ní 46 tirẹ̀. 'Dídi-méjì' ni ó bá ìṣe náà mu. Bí ìdarí yìí bá bàjẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì ń di méjì láìdáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí dókítà ń ṣàlàyé àìsàn yìí fún kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ tí yóò ṣì í lọ́nà.

Bákan náà ni ti ọpọlọ. Lọ́dún 1983, Henry Wagner àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán àwọn ibi tí dopamine ń so mọ́ nínú ọpọlọ ènìyàn alààyè. Ọpọlọ Wagner fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ èròjà onítànṣán tí ó ń so mọ́ àwọn ibi náà, ẹ̀rọ sì ń ka ìtànṣán ọ̀hún láti òde agbárí. 'Olùgbà' ni ẹlòmíràn yóò túmọ̀ orúkọ ibi bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá dé ni ó ń gbà. Kí ni àwọn baba wa ń pe iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tí a rán an sí ni ó mọ̀ ọ́n tú? Àrokò ni. Bí a bá pè é ní 'agbàrokò', orúkọ náà ti kọ́ ọmọ ní ìdajì ẹ̀kọ́.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ó wọ́gi lé e. Inú bí wa, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ariwo nìkan kò lè gbèjà èdè. Kí olùkọ́ èdè jókòó ti olùkọ́ báyọ́lọ́jì kí ó tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé ẹ̀kọ́ padà. Bí àlàyé náà bá wọ́, kí a pa orúkọ náà dà. Kí olùkọ́ Haúsá, Ìgbò, Tífì àti Ẹ́fíìkì má ṣe túmọ̀ 'agbàrokò' tèmi. Kí wọ́n wo ilé tiwọn.

Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orúkọ tí a bá fún ìmọ̀ ni yóò ro ẹni tí ó ń kọ́ ọ.